Ta Ni Ó Mọ Ta? Ènìyàn, Òrìṣà àti Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Ilẹ̀ Íńdíà

Ọ̀rọ̀ fún ìjókòó ìmọ̀ ọdún Ifá



Ìbéèrè kan wà tí kì í jìnnà sí etí ẹni tí ó bá ń bọ òrìṣà ní gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a máa béèrè rẹ̀, oníwàásù a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà, ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé Ifá náà a sì máa gbé e bọ̀ láti ilé-ìwé: ṣé òrìṣà ni ó dá ènìyàn ni, àbí ènìyàn ni ó jókòó tí ó dá òrìṣà ní àwòrán ara rẹ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ìran Yorùbá nìkan. Ọ̀rọ̀ òní yóò gbé e lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, nítorí pé ìtàn ìwáṣẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ bí ewé igbó, òrìṣà ibẹ̀ a máa fẹ́, a máa bínú, a máa bímọ bí ènìyàn, àwọn amòye ibẹ̀ sì ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí láti ìgbà láéláé.

Okùn kan tún so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ni ní Veda láti ìran dé ìran. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa há a sórí lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, lóhùn lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ awo ṣe ń há ẹsẹ Ifá sórí lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀. Àjọ UNESCO kéde iyì kíké Veda ní 2003, ó kéde ti Ifá ní 2005, ní 2008 ó sì kọ orúkọ méjèèjì sínú àkójọ àjogúnbá kan náà. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí ẹní kan lè wo ojú ara wọn.

Àwọn tí ó sọ pé ènìyàn ni ó dá òrìṣà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, Xenophanes, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ṣàkíyèsí pé òrìṣà àwọn ará Etiópíà dúdú, imú wọn sì pẹlẹbẹ, nígbà tí ti àwọn ará Thrace ní irun pupa àti ẹyinjú aláwọ̀ búlúù. Ó ní bí màlúù àti ẹṣin bá ní ọwọ́ tí wọ́n lè fi ya àwòrán, òrìṣà màlúù yóò jọ màlúù, ti ẹṣin yóò sì jọ ẹṣin. Ní 1841, Ludwig Feuerbach gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ilẹ̀ Jámánì: ó ní ènìyàn ni ó kó ìwà tí ó dára jù nínú ara rẹ̀ jọ, tí ó gbé e sí òkè ọ̀run, tí ó wá ń kúnlẹ̀ fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tọ́ka sí Xenophanes máa ń fò dá ni pé ọkùnrin náà kò sọ pé kò sí Ọlọ́run. Ó ní ọ̀kan wà tí ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, tí kò jọ ènìyàn ní ara tàbí ní èrò. Àwòrán ni ó ń bá jà.

Yorùbá kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn lórí èyí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kalẹ̀ pé bí kò bá sí ènìyàn, kò sí imalẹ̀. Òrìṣà tí kò ní olùbọ mọ́, igbó ni yóò bo ojúbọ rẹ̀. Ní 1981, Karin Barber, tí ó ṣe ìwádìí ní Òkukù ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí ènìyàn ṣe ń ṣe òrìṣà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó fi hàn pé bí èrò tí ó wà lẹ́yìn ẹni ṣe ń sọ ẹni di ènìyàn ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú àti oríkì olùbọ ṣe ń gbé òrìṣà ró. Ẹni tí ó bá sọ èyí fún àgbà awo kò tíì dẹ́rù bà á. Ohun tí ó kù láti béèrè ni pé, bí ọwọ́ ènìyàn bá wà nínú rẹ̀, kí ni ọwọ́ náà lè ṣe, kí ni kò lè ṣe, ta ni ó sì ni ọwọ́ náà?

Ẹ̀rí àwọn tí ó sọ pé ènìyàn ni ó dá òrìṣà ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí ó lágbára. Rig Veda, tí ó dàgbà jù nínú àwọn Veda, ní orin ìyìn 1,028, ó sì súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí ó jẹ́ ti Indra. Ta ni Indra? Jagunjagun ni. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin ń fà, ó ń mu soma yó kí ó tó lọ sójú ìjà, ó sì ń kó màlúù wá fún àwọn tirẹ̀. Àrá ni ohun ìjà rẹ̀, òun ni ó fi pa Vritra, ejò ńlá tí ó sé omi mọ́. Àwọn tí ń kọ orin yìí ń gbé ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà: màlúù ni ọrọ̀ wọn, ẹṣin ni agbára wọn, òjò ni ìyè wọn. Òrìṣà tí wọ́n sì gbé ga jù jẹ́ ọ̀gá ogun tí ó ní ẹṣin, tí ó ń fúnni ní màlúù, tí ó ń tú omi sílẹ̀.

Nígbà tí ayé yí padà, Indra náà yí padà. Nínú àwọn ìtàn tí ó tẹ̀lé e, Krishna sọ fún àwọn darandaran pé kí wọ́n má ṣe rúbọ sí Indra mọ́, kí wọ́n bu ọlá fún òkè Govardhan tí ń fún màlúù wọn ní koríko. Indra bínú, ó da òjò lé wọn lórí fún ọjọ́ méje. Krishna gbé òkè náà sókè bí ẹni gbé agboòrùn, ènìyàn àti ẹran wọ abẹ́ rẹ̀, títí Indra fi wá tọrọ àforíjì. Nínú Ramayana, Indra kan náà ni ó gbé àwọ̀ ọkọ Ahalya wọ̀ kí ó lè bá obìnrin náà sùn, tí ègún ọkọ rẹ̀, Gautama, sì mú un. Ẹni tí ó jẹ́ ọba àwọn òrìṣà wá di ẹni tí wọ́n ń fi ìtàn rẹ̀ kìlọ̀ ìgbéraga àti ojúkòkòrò fún ọmọ. Kò sí ẹni tí ó lè ka ìtàn wọ̀nyí tí kò ní rí ojú ènìyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kàn ń wo dígí ni, kí ni ẹja ń ṣe nínú dígí náà? Kí ni ìjàpá àti ìmàdò ń wá níbẹ̀? Nínú ìsọ̀kalẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń kà fún Vishnu, ẹja ni àkọ́kọ́, ìjàpá ni ìkejì, ìmàdò tí ó fi eyín gbé ilẹ̀ ayé jáde láti inú omi ni ìkẹta. Ìkẹrin, tí ń jẹ́ Narasimha, ni ó sún mọ́ ìbéèrè òní jù.

Hiranyakashipu ni ọba àwọn asura, ìran alágbára tí ń bá àwọn òrìṣà jà. Ó fi ìyà jẹ ara rẹ̀ nínú ìsìn títí ó fi gba ìlérí lọ́wọ́ Brahma pé ènìyàn kò ní pa òun, ẹranko kò ní pa òun. Òun kò ní kú nínú ilé tàbí níta, ní ọ̀sán tàbí ní òru, lórí ilẹ̀ tàbí ní òfuurufú, ohun ìjà kankan kò sì ní ran òun. Ó rò pé òun ti dí gbogbo ojú ihò tí ikú lè gbà wọlé. Ó wá pàṣẹ pé òun ni kí gbogbo ayé máa sìn. Prahlada ọmọ rẹ̀ kọ̀. Vishnu ni ọmọ náà ń pè. Ọba bi í léèrè bóyá Vishnu rẹ̀ wà nínú òpó ààfin yìí. Ọmọ ní ó wà níbẹ̀. Ọba lu òpó, òpó là, ohun tí kì í ṣe ènìyàn, tí kì í sì í ṣe ẹranko, jáde síta: orí kìnnìún, ara ènìyàn. Ní àṣálẹ́, lójú ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọba lé itan ara rẹ̀, ó sì fi èékánná ya ikùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí olùwádìí wo ìtàn yẹn dáadáa. Ẹni tí ó fẹ́ kí ohun àkúnlẹ̀bọ jọ òun nínú rẹ̀ ni ọba, ọba náà sì ni ìtàn náà dá lẹ́bi. Ó to ayé sí ìsọ̀rí méjì méjì, ènìyàn àti ẹranko, inú àti òde, ọ̀sán àti òru, ó sì gbà pé kò sí ohun tí ó kù sẹ́yìn. Òrìṣà gba àárín ìsọ̀rí wọ̀nyí kọjá. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà mọ̀ dájú pé ènìyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe òrìṣà. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi ìtàn kìlọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ ni kò tilẹ̀ ní ojú rárá. Òpó òkúta rogodo tí wọ́n ń pè ní linga ni ojúbọ Shiva ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ tẹ́ḿpìlì. Òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní shaligrama, tí wọ́n ń ṣà nínú odò Gandaki ní ilẹ̀ Nepal, ni Vishnu nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kò sí agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ ẹ. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ awo. Àlejò lè rí ojú tí wọ́n gbẹ́ sí etí ọpọ́n Ifá, kí wọ́n sì sọ fún un pé ojú Èṣù ni, ṣùgbọ́n ikin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń bọ kò ní ojú, kò ní imú, kò sì jọ ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ará Íńdíà dúró de ará Yúróòpù kí wọ́n tó bi ara wọn ní ìbéèrè. Àwọn Charvaka, tí wọ́n gbà pé ohun tí ojú rí nìkan ni ó wà, sọ ní gbangba pé àlùfáà ni ó dá ètùtù sílẹ̀ kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́. Àwọn onímọ̀ Mimamsa ń gbèjà ẹbọ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, síbẹ̀ Shabara, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ṣàlàyé pé òrìṣà kò ní ara, kò sì ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Nínú Brihadaranyaka Upanishad, Shakalya bi Yajnavalkya léèrè pé òrìṣà mélòó ni ó wà. Ó dáhùn pé 303 àti 3,003. Shakalya tún bi í. Ó di 33. Ó tún bi í. Ó di mẹ́fà, ó di mẹ́ta, ó di méjì, ó di ọ̀kan àbọ̀, ó wá di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òkànlénírinwó irúnmọlẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé Olódùmarè kan ni ó wà, yóò mọ ohun tí amòye náà ń sọ. Orin kan tún wà nínú ìwé kẹwàá Rig Veda tí ó sọ pé ẹ̀yìn ìṣẹ̀dá ni àwọn òrìṣà dé, tí ó wá ń béèrè pé ta ni ó lè mọ ibi tí ayé ti sú yọ. Orin náà parí sí orí iyèméjì bóyá ẹni tí ń wò ó láti òkè ọ̀run pàápàá mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ̀sìn tí ó fi irú ìbéèrè yẹn sínú orin mímọ́ rẹ̀ kò gba àwòrán gbọ́ ní afọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí ojú kedere ni Kumartuli, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní ìlú Kolkata. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ère Durga fún ọdún ńlá rẹ̀, tí UNESCO kọ sínú àkójọ ní 2021. Ìtàn ìwáṣẹ̀ Durga fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn mímọ: nígbà tí kò sí ọkùnrin tí ó lè pa Mahishasura, asura tí ń di ẹfọ̀n, ìmọ́lẹ̀ jáde lára gbogbo àwọn òrìṣà, ó para pọ̀, ó di obìnrin. Shiva fún un ní ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, Vishnu fún un ní àwo olójú mímú, Indra fún un ní àrá, òun sì ni ó ṣẹ́gun. Ohun tí òrìṣà fi ìmọ́lẹ̀ mọ, amọ̀kòkò ń fi amọ̀ mọ. Ó fi ọparun ṣe egungun, ó di koríko gbígbẹ mọ́ ọn ní ẹran ara, ó fi amọ̀ odò ṣe awọ. Àṣà ní kí erùpẹ̀ díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin aṣẹ́wó wà nínú amọ̀ náà. Àwọn tí ìlú ń fi ojú tín-ín-rín, ère kò pé láìsí erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọn. Ojú ni wọ́n ń yà kẹ́yìn, ní ọjọ́ Mahalaya ní ìlànà àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà pe ẹ̀mí sínú ère. Ìlú bọ ọ́, ìlú kọrin, ìlú jó. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn tí ó bọ ọ́ gbé e lọ sí odò Hooghly, wọ́n sì jẹ́ kí omi tú u padà di ẹrẹ̀.

Yorùbá náà mọ ìtàn amọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà òdì-kejì ni ó gbà wá: Ọbàtálá, Alámọ̀rere, ni ó mọ ènìyàn, Olódùmarè ni ó mí èémí sí i. Ní Kumartuli ènìyàn ń mọ òrìṣà. Ní Ifẹ̀ òrìṣà ń mọ ènìyàn. Ìtàn méjèèjì kò ba ara wọn jẹ́. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó mọ ère kọ́ ni ó ni ẹ̀mí tí ó wọ inú rẹ̀. Amọ̀kòkò Kolkata mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ó ṣe ojú náà, kò sì sí ẹni tí ó ní láti lọ tú àṣírí rẹ̀ fún un. Nítorí pé ó mọ̀, ó lè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún omi.

Ewu dé nígbà tí ẹni tí ó mọ ère bá gbàgbé pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Orin mìíràn nínú ìwé kẹwàá Rig Veda, orin Purusha, sọ pé ènìyàn ńlá kan wà tí ó ní ẹgbẹ̀rún orí, tí àwọn òrìṣà fi rúbọ láti dá ayé. Ojú rẹ̀ di oòrùn, ọkàn rẹ̀ di òṣùpá, èémí rẹ̀ di afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ̀ di àlùfáà Brahmin, apá rẹ̀ di ìran ọba, itan rẹ̀ di ìran ọlọ́jà àti àgbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ di Shudra tí ń ṣe ìránṣẹ́. Níhìn-ín ni àwòrán ti di ìdè. Ètò tí ènìyàn ṣe láàárín ara wọn wọ ara òrìṣà, ó sì tún padà wá bí àṣẹ ìṣẹ̀dá. Àwọn kan sì wà tí wọn kò tilẹ̀ rí àyè ní àtẹ́lẹsẹ̀: àwọn tí ìpele òkè ń pè ní aláìmọ́, tí òjìji wọn kò gbọdọ̀ ṣú bo ẹlòmíràn.

Chokhamela jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá. Ọmọ ìran Mahar ni, olùfọkànsìn Vitthal ní Pandharpur. Wọn kò jẹ́ kí ó wọ tẹ́ḿpìlì. Ìta ni ó ti ń kọrin sí òrìṣà rẹ̀ títí ó fi kú, ibojì rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tẹ́ḿpìlì náà títí di òní. Ọ̀rọ̀ Chokhamela ni ó le jù fún àwọn tí ó ní òrìṣà kò ju àwòrán ènìyàn lọ. Bí Vitthal bá jẹ́ kìkì ojú àwọn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, báwo ni ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ṣe rí i láti ìta?

Àwòrán kan náà lè dè, ó sì lè tú. Raja Ravi Varma, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Travancore ní 1848, dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Bombay ní 1894. Ó ya Lakshmi àti Saraswati gẹ́gẹ́ bí obìnrin ilẹ̀ Íńdíà tí ó wọ sárì, ó sì tẹ àwòrán wọn ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ àwòrán òrìṣà tí ó wà lórí kàlẹ́ńdà ní ilẹ̀ Íńdíà títí di òní, ẹ̀yìn tirẹ̀ ni wọ́n tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn ń fún òrìṣà ní ojú, ẹ̀rí nìyí, ó ní orúkọ, ó ní ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì lè ra àwòrán náà, kí ó kàn án mọ́ ògiri, kí ó sì bọ òrìṣà rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ní Travancore kan náà, ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 1936 ni ọba ìlú tó kéde pé kí ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì ìjọba ṣí sílẹ̀ fún gbogbo Híńdù, ìbí yòówù kí wọ́n jẹ́.

B. R. Ambedkar, ọmọ ìran Mahar bíi Chokhamela, kò dúró de ìkéde. Ní 25 oṣù kejìlá 1927, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dáná sun ìwé òfin Manu ní Mahad. Ní 1946 ó tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti tú orin Purusha palẹ̀, tí ó ní ẹ̀yìn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìpele mẹ́rin náà kún un. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà, òfin tí ó fagi lé pípe ènìyàn ní aláìmọ́. Ní 14 oṣù kẹwàá 1956, ní Nagpur, òun àti ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀sìn Buddha. Ìbéèrè tí ó bí àwọn alágbára rọrùn: ojú ta ni ẹ yà sára ẹni tí ẹ ní ó dá wa?

Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí àwọn ọmọ Ifá gbé lọ sílé láti inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá sọ pé ènìyàn ni ó ń fún òrìṣà ní ojú, kí wọ́n má bá a jà. Òótọ́ ni ó sọ, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dìde tí ó ní òrìṣà ni ó sọ pé ẹni báyìí kò tó ènìyàn, tàbí pé ẹni báyìí kò gbọdọ̀ súnmọ́ ojúbọ, ìgbà náà ni kí wọ́n wo ojú ère náà dáadáa, bóyá ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn ti wáyé ní Kúbà àti láàárín àwọn tí ó ti ibẹ̀ kọ́ ìṣe wọn, lórí bóyá obìnrin lè tẹ Ifá. Ẹnu àwọn àgbà àti ẹsẹ Ifá ni ìdájọ́ yẹn wà. Ohun tí ìtàn Íńdíà lè fi kún un ni pé kí ẹni tí ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ rẹ̀, kí ó ya ohun tí Ifá wí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó bá òun lára mu.

Mímọ òrìṣà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ ni ènìyàn ní, amọ̀ ni ó wà nílẹ̀, ìtàn ni ó wà lẹ́nu. Kí ọwọ́ má gbàgbé ara rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, kí ó sì lè jọ̀wọ́ ère fún omi nígbà tí àkókò bá tó.

Ẹbọ á fín, ẹbọ á dà. Kí Alámọ̀rere tún wa mọ níbi tí ó bá kù. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.